Níbo Ni Ó Ti Ń Dùn Yín? Ẹnjiníà, Ara Òṣìṣẹ́ àti Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá gbà pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Wọ́n sì tún gbà pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òtítọ́ ni òwe méjèèjì, ṣùgbọ́n ìgbà púpọ̀ ni èkíní máa ń pa èkejì lára. Àgbẹ̀ tí ó fi ogójì ọdún kọ ebè kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ lè rí i pé, nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìbàdí òun kò gbà mọ́ kí òun dìde nílẹ̀ láìdi nǹkan mú. Iṣẹ́ ti wo ìṣẹ́ sàn, ó sì ti dá àìsàn mìíràn sílẹ̀.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kan wà tí ó ń wádìí bí iṣẹ́ ṣe ń rí lára ẹni tí ó ń ṣe é. Ergonomics ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní èdè Yorùbá, ìmọ̀ ìmú-iṣẹ́-bá-ara-mu ni ènìyàn lè pè é. Ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ yìí láàyò máa ń lo ẹ̀rọ oríṣiríṣi, síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ ni ohun èlò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìbéèrè ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èdè Yorùbá ni ó gbọ́dọ̀ fi béèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan olùkọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹnjiníà.

Ìrẹ̀sà àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ènìyàn Rẹ̀

Ìrẹ̀sà kì í ṣe ìlú tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Arẹ̀sà wà lára àwọn ọba tí ó lókìkí ní Ẹkùn Òsì láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, orúkọ rẹ̀ àti ti Olúgbọ́n kì í sì í sábà yà lẹ́nu àwọn àgbà. Lónìí, Ìrẹ̀sà-Adú àti Ìrẹ̀sà-Apá wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìrẹ̀sà-Adú sì ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà. Wọn kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọdún 1990, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó gbilẹ̀ jù ní agbègbè náà: iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹnjiníà kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ohun tí ó jìnnà ni bí ọ̀kan ṣe ń gbọ́ ohùn èkejì.

Ẹ wo obìnrin tí ó wà nídìí ààrò gàrí. Orí àpótí kékeré ni ó jókòó sí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sí iná kí ooru má baà gbá a lójú, nítorí náà ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá na ọwọ́ dé òdì kejì agbada. Igbá ni ó fi ń ro gàrí káàkiri, ọwọ́ kan náà ni ó sì ń lò láti àárọ̀. Èéfín ń bá a lójú, ó ń bá a nímú. Ọmọ lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó tó dé ìdí ààrò yìí, ó ti bó gbágùúdá, ó ti pọn omi, ó sì ti jọ̀ ọ́. Bí ó bá yan gàrí tán, yóò gbé àpò rẹ̀ karí lọ sí ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò fi dáhùn: “Gàrí ni mo ń tà.” Gbogbo ohun tí ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́ ni ó ti fò dá nínú ìdáhùn yẹn, nítorí pé lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni ohun tí ó ń mú owó wọlé.

Ìbéèrè Kan Tí Ó Di Ìmọ̀

Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bernardino Ramazzini tẹ ìwé jáde lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó rọ àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún àwọn tí wọ́n máa ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Ní ọdún 1857, Wojciech Jastrzębowski, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì, fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àti òfin hun orúkọ náà, ergonomics. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó hàn gbangba pé awakọ̀ òfurufú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè fa ọ̀pá tí kò yẹ kí ó fà bí ọ̀pá ìdarí méjì bá jọra jù. Lẹ́yìn ogun náà, ní ọdún 1949, K. F. H. Murrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìmọ̀ yìí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń tẹnu mọ́ ọn pé irinṣẹ́ ni ó yẹ kí ènìyàn tún ṣe kí ó lè bá ara mu. Kò yẹ kí ènìyàn tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ nítorí irinṣẹ́.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kékeré kò tó ti baba, ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ kò sì gùn tó ti baba. Kíkí tí Yorùbá ń kí òṣìṣẹ́ tún fi hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kí aláró pé “Àrẹ̀dú o,” wọ́n ń kí àgbẹ̀ pé “Àroko bọ́dún dé o,” wọ́n sì ń kí ẹni tí ó wà lórí ọ̀pẹ pé “Igbà á rọ̀ o.” Aláró ń gba àdúrà pé kí aró mú aṣọ, àgbẹ̀ ń gba àdúrà pé kí ẹ̀mí rẹ̀ dé ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n ti agunpẹ yàtọ̀: okùn tí ó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró ni wọ́n ń gbàdúrà lé lórí. Ẹni tí ó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ ti wo iṣẹ́ náà fínnífínní, ó sì ti rí ibi tí ewu wà. Ohun tí ó kù tí olùwádìí òde òní fi kún un ni pé ó ń wọn okùn náà kí ó tó gbàdúrà lé e.

Ìwọ̀n Ara àti Ìwọ̀n Ẹrù

Bí ọmọ Ìrẹ̀sà kan bá fẹ́ di olùwádìí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì. Ó lè kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì lè lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ní ẹ̀ka tí ó dá dúró fún ìmọ̀ ẹnjiníà iléeṣẹ́ àti ìpèsè ọjà. Yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn gíga èjìká, gígùn itan àti fífẹ̀ ìdí. Yóò kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní RULA, èyí tí McAtamney àti Corlett gbé jáde ní ọdún 1993, tí ó ń fún ìdúró tàbí ìjókòó òṣìṣẹ́ ní máàkì láti 1 dé 7. Bí máàkì bá ṣe ń ga sí i ni ewu ń pọ̀ sí i.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní ọdún 2010, S. O. Ismaila ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí O. G. Akanbi wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí àga èrò inú ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, Ismaila àti àwọn mìíràn tún tẹ òmíràn jáde lórí àga àti tábìlì tí ó yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ tí ó ti rí akẹ́kọ̀ọ́ gíga tí ó ká orúnkún mọ́ àyà nídìí bẹ́ǹṣì kékeré yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ nìkan.

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 1967, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ dá a lábàá pé ẹrù tí àgbàlagbà ọkùnrin kan yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé déédéé kò gbọdọ̀ ju kílò 55 lọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1991 fi kílò 23 ṣe òpin, kódà bí gbogbo nǹkan bá rọrùn fún ẹni tí ó ń gbé e. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ni í gbé ẹrù kí á tó bá a ké ọfẹ. Ìwà ọmọlúàbí ni òwe náà ń kọ́ni, pé kí ènìyàn kọ́kọ́ sapá kí ó tó retí ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n igbe ọfẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ ààbò: òun ni ó ń mú kí ọwọ́ gbogbo ènìyàn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹrù má baà dá wó lé ẹnì kan lẹ́yìn.

Ìbéèrè ní Èdè Ẹni Tí Ń Dáhùn

Ìwọ̀n nìkan kò lè sọ ibi tí ó ń dun ènìyàn. Ní ọdún 1987, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Nọ́ọ́díìkì gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò káàkiri ayé. Ó pín ara sí ọ̀nà mẹ́sàn-án: ọrùn, èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́, òkè ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìgbáròkó àti itan, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń béèrè bí ibẹ̀ ti dun ènìyàn láàárín oṣù méjìlá, àti láàárín ọjọ́ méje tí ó kọjá.

Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ Yorùbá kò tẹ̀ lé ìpín yìí. Ọwọ́ lè jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì lè gùn dé èjìká. Ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka títí dé itan. Bí ìyá bá wí pé ọwọ́ ń dun òun, tí olùwádìí sì fi àmì sí ọrùn ọwọ́ nígbà tí ó jẹ́ pé èjìká ni ìyá ń sọ, igbá tí ó rọrùn láti dì mú ni yóò lọ ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ààrò tí kò jìnnà sí ara ni ìyá nílò. Àṣìṣe èdè ti di àṣìṣe ẹ̀rọ.

Ní ìhà kejì, èdè Yorùbá ní ju ohun tí ìwé ìbéèrè béèrè lọ. Ara a máa ro ènìyàn, ẹ̀yìn a máa gan, ẹsẹ̀ a máa kú, ojú a máa ta, nǹkan a sì máa gún ènìyàn lábẹ́ awọ. Ara tí ń ro lè jẹ́ àárẹ̀ tí oorun yóò mú lọ. Ẹ̀yìn tí ó gan lè fi hàn pé ènìyàn ti pẹ́ jù lójú kan. Ọwọ́ tí ń kú lóru lè jẹ́ iṣan ìmọ̀lára tí nǹkan ń tẹ̀. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀ sábẹ́ “dídùn” nìkan ti da ìmọ̀ púpọ̀ nù.

Ọ̀nà tí ènìyàn gbà béèrè tún ṣe pàtàkì. Bí ọ̀dọ́ olùwádìí bá kí ìyá pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ṣé ara le?” ohun tí yóò gbọ́ ni, “A dúpẹ́, ọmọ mi.” Ìkíni ni, kì í ṣe ìdáhùn, ọmọlúàbí kì í sì í ka àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó díẹ̀, tí ó sì wí pé, “Ìyá, bí ẹ bá yan gàrí lónìí, tí ilẹ̀ sì mọ́ lọ́la, ibo ni kì í fẹ́ jẹ́ kí ẹ dìde?” ó ṣeé ṣe kí ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ibẹ̀. Ọwọ́ tí ó tọ́ka yẹn níye lórí ju ojú ìwé mẹ́wàá tí wọ́n túmọ̀ láìronú lọ.

Òfin àti Àwọn Tí Òfin Kò Rí

Nàìjíríà ní Òfin Iléeṣẹ́ ti ọdún 1987, ó sì ní òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1994, ó fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1981 lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ka ibi iṣẹ́ tí kò léwu mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ìyá tí ń yan gàrí fún ara rẹ̀ kò ní ọ̀gá tí yóò sanwó fún un. Bí iná bá jó iléeṣẹ́, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kú, ìwé ìròyìn á gbé e. Ẹ̀yìn tí ó gba ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bàjẹ́ kò ní ìwé ìròyìn. Bí olùwádìí kò bá béèrè, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá kò yọrí sí lítíréṣọ̀ àti gírámà nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí wọ́n rán lọ ṣe ìwádìí lórí èdè-ìperí lè lọ sí ìdí ààrò, ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ àti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, kí ó kó orúkọ ẹ̀yà ara àti orúkọ ìrora tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ń lò jọ. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá fi ẹ̀ka-èdè agbègbè kọ̀ọ̀kan wé ara wọn, yóò wúlò fún ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì àti òǹkọ̀wé atúmọ̀ èdè. Olùkọ́ físíìsì ni yóò kọ́ ọmọ Ìrẹ̀sà ní bí agbára ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ Yorùbá ni yóò kọ́ ọ ní bí yóò ṣe bi ìyá rẹ̀ léèrè ibi tí agbára náà ti ń dùn ún. Ọmọ tí ó bá gba ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ó lè mọ ààrò tí yóò jẹ́ kí ìyá náà jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ara líle.