Kí O Tó Sanwó Wẹ́bùsáìtì: Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Bódìjà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,



Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, inú mi sì dùn gan-an. Kíláàsì Yorùbá tí o fi àwọn ọmọ àbúrò rẹ ní London bẹ̀rẹ̀ ti wá di ohun tí àwọn òbí ní Peckham àti Manchester ń wá kiri! Ó tó àsìkò kí o ní wẹ́bùsáìtì lóòótọ́. Kò yẹ kí òbí tó fẹ́ mọ iye owó àti àkókò kíláàsì máa tú inú WhatsApp láti òwúrọ̀ dalẹ́.

O ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú Wix, Squarespace àti WordPress fún ọ, kí n sì sọ ẹni tí wàá gba hosting, ìyẹn àyè tí wẹ́bùsáìtì yóò máa gbé, lọ́wọ́ rẹ̀. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o máa bi ara rẹ nídìí gbogbo ohun tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kúrò níbí, kí ni màá rí kó dání? Ẹwà ojú wẹ́bùsáìtì ṣe é tún ṣe, owó náà ṣe é wá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin tí kò ṣe é kó jáde ló ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́.

Orúkọ ni kí á kọ́kọ́ mú, ìyẹn domain. A kì í rà á tán. Owó ọdọọdún là ń san lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o lè san ti .com sílẹ̀ títí dé ọdún 10. Tó bá jẹ́ .ng tàbí .com.ng lo fẹ́, àjọ NiRA ló ń bójú tó wọn, àwọn iléeṣẹ́ tí NiRA fọwọ́ sí ló sì ń tà wọ́n. Nítorí àwọn òbí tó wà lókè òkun, .com ni èmi yóò mú, ṣùgbọ́n èyí tó bá wù ọ́ nínú wọn yóò ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣe kókó ni pé orúkọ ìwọ gan-an, ímeèlì rẹ àti nọ́ńbà rẹ ni kó wà nínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa ilé ìwé kan tí mo bá ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣe wẹ́bùsáìtì wọn fi orúkọ ara rẹ̀ ra domain. Nígbà tó yá, ó lọ sí Kánádà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Owó ọdún pé, ìkìlọ̀ ń wọ inú ímeèlì tí kò ṣí mọ́, bí domain ṣe bọ́ nìyẹn. Orúkọ yẹn sì ti wà lára pátákó iwájú ilé ìwé, ó wà lára bọ́ọ̀sì, ó wà lẹ́yìn ìwé kíkọ àwọn ọmọ. Wọ́n mú ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n san wá hàn mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ìwé yẹn lè ṣe. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára domain ló ni wẹ́bùsáìtì, ẹni yòówù kó sanwó. Gmail rẹ ni kí o sì fi forúkọ sílẹ̀, má ṣe lo ímeèlì tó wà lórí domain náà fúnra rẹ̀. Bí domain bá kú, ímeèlì orí rẹ̀ yóò bá a kú, o kò sì ní rí ìkìlọ̀ kankan gbà.

Ó yá, ká wá sọ ti ohun tí wàá fi kọ́ ọ. Wix rọrùn, mi ò ní parọ́. Fífi ìka gbé àwòrán síbí, gbé ọ̀rọ̀ sọ́hùn-ún ni, láàárín ìrọ̀lẹ́ kan o ti ní nǹkan tó rẹwà. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá fi Wix kọ́, orí server Wix, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nìkan ló lè gbé. Àwọn fúnra wọn sọ ọ́ pé kò ṣe é kó lọ sí hosting ẹlòmíràn. Ó dà bí ilé tí onílé ti to àga àti ibùsùn sí: ìdẹ̀ra wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá ń kó jáde, àga kò ní bá ọ lọ. Squarespace sàn díẹ̀, nítorí o lè kó lára àwọn ọ̀rọ̀ rẹ jáde, àmọ́ ìrísí rẹ̀ yóò kù síbẹ̀.

Má rò pé mò ń fi ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. GeoCities bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló sì kọ́ wẹ́bùsáìtì wọn àkọ́kọ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Yahoo rà á ní 1999. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2009, wọ́n tì í pa, gbogbo ojú-ìwé tí ó wà níbẹ̀ sì lọ, àfi àwọn tí Internet Archive àti àwọn olùfẹ́ ìtàn mìíràn sáré kó pamọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìtàn ìdílé wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ wọ́n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o mú WordPress. Wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe dáyé. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ b2 ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣe é dákẹ́, kò tún un ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ GPL tí wọ́n fi gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un kó sì tẹ̀ síwájú. Matt Mullenweg ní Amẹ́ríkà àti Mike Little ní Ìlú Ọba bá gbé e, wọ́n sì gbé WordPress jáde lọ́jọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 2003. Lónìí, ó lé ní 40 nínú gbogbo 100 wẹ́bùsáìtì ayé tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn kan náà wà lọ́wọ́ ìwọ náà: bí hosting kan bá já ọ kulẹ̀, wàá kó àwọn fáìlì rẹ àti dátà rẹ, wàá gbé wọn lọ síbòmíràn, domain rẹ yóò sì tẹ̀ lé ọ.

Ṣọ́ra kí o má ṣi ilẹ̀kùn mú o. WordPress.com ni iléeṣẹ́ tó ń gbà ọ́ sí orí server tirẹ̀, WordPress.org ni ibi tí a ti ń gba ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbé e sórí hosting tí a fúnra wa yàn. Ti .org ni mò ń sọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní theme, ìyẹn aṣọ ojú wẹ́bùsáìtì, tí wọ́n jí gbé ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Wọ́n sábà máa ń tọ́jú kòkòrò sínú rẹ̀, yóò sì máa darí àwọn òbí tó bá wá bá ọ lọ síbi tẹ́tẹ́. Ọ̀fẹ́ tó dára pọ̀ lórí WordPress.org. Plugin náà, ìyẹn ẹ̀rọ àfikún, èyí tí o nílò nìkan ni kí o fi sí i, kí o sì máa ṣe ìmúdójúìwọ̀n wọn bí wọ́n bá ti ń jáde.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ wẹ́bùsáìtì kò ní ronú kàn. Kí o tó mú theme kankan, tẹ "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá. Ṣé ẹ ti jẹun?" sínú rẹ̀, kí o wá wò ó lórí fóònù. Nínú font mìíràn, wàá rí i pé àmì ohùn ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti gorí lẹ́tà kejì. Nínú òmíràn, ẹ àti ṣ yóò sanra ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, tàbí kí àpótí òfìfo kan jókòó síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ní àyè kan fún ọ, ó ní òmíràn fún ó, ṣùgbọ́n kò ní àyè kan ṣoṣo fún ọ́. Ńṣe ló ń to àmì ohùn lé ọ lórí, ọwọ́ font ló sì kù sí láti tò ó síbi tó yẹ. Noto Sans tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ọmọ tó ń kọ́ èdè wa ní Peckham, ojú rẹ ló ń wò. Bí àmì bá ṣáko lórí wẹ́bùsáìtì rẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa kọ ọ́.

Hosting ló kù. Má wo iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìpolówó. Ti ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn. Bèèrè iye ọdún kejì. Bèèrè bóyá náírà ni wọ́n ń gbà, torí láti oṣù Kẹfà 2023 tí Báǹkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, ẹni tó ń san dọ́là kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iye ọdún tó ń bọ̀. Bèèrè ibi tí server wà. Nítorí àwọn òbí ọmọ kíláàsì rẹ, London tàbí Amsterdam ló dára. Rántí ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun bíi MainOne àti WACS bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì wa níbí ń fà bí ìgbín. Wẹ́bùsáìtì tí server rẹ̀ wà ní London kò dí lọ́dọ̀ àwọn ará London lọ́jọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó àfikún lọ́wọ́ rẹ nítorí àgádágodo https, sọ fún un pé Let's Encrypt ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀dà wẹ́bùsáìtì rẹ. Lóru ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2021, iná jó ilé server OVH kan kanlẹ̀ ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Àìmọye wẹ́bùsáìtì ló dákẹ́ lójijì. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn padà dìde. Ẹni tí ẹ̀dà tirẹ̀ wà níbẹ̀ kan náà pàdánù méjèèjì. Nítorí náà, bó ti wù kí hosting rẹ ṣèlérí tó, fi plugin bíi UpdraftPlus sí i, kó máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Google Drive rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fídíò kíláàsì rẹ, YouTube ni kí o gbé e sí, kí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Fọ́tò tí o bá fi fóònù yà lè tó MB 4. Dín in kù sí KB 200 kí o tó gbé e sókè, kó má baà máa jẹ dátà àwọn èèyàn.

Bí mo ṣe fẹ́ kí o tò ó nìyí: ra domain lórúkọ ara rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, gba hosting kékeré tó pín server pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ó tó ọ fún ìbẹ̀rẹ̀. Gbé WordPress sí i, kí o ṣe ojú-ìwé mẹ́rin péré: ta ni ọ́, kíláàsì rẹ, iye owó, bí wọ́n ṣe lè kàn sí ọ. Tó bá yá, WooCommerce pẹ̀lú Paystack tàbí Flutterwave yóò máa bá ọ gbowó. Kí o tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, gba ẹ̀dà kan, kí o gbìyànjú láti dá a padà, kí o lè mọ̀ dájú pé ó ṣiṣẹ́.

Kọ orúkọ domain méjì tàbí mẹ́ta tó wù ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà. Ọlọ́run yóò fi ìbùkún sí iṣẹ́ rere tí ò ń ṣe yìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àyọ̀ká.