Àpamọ́ Kì í Ṣe Àtìpa

Bí ẹ bá ti kọ orúkọ yín sínú fọ́ọ̀mù kan rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ ara yín ru ẹrù tí ẹ ò rí. Àpótí tí ẹ kọ orúkọ sí, ẹ rí i. Èyí tí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí, ẹ rí i. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń wà láàárín wọn tí kì í hàn lójú ewé rárá, tí nǹkan ti wà nínú wọn kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, tiwọn á bá tiyín lọ. Nínú èdè HTML, type="hidden" ni wọ́n ń kọ sí wọn lára. Èmi ń pè wọ́n ní àpótí àpamọ́.

Ẹ ó ní kí ló kan akéwì tó ń kọ́ Yorùbá nínú ìyẹn. Ó kàn mí o! Nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ní ibi tá a ó ti máa gba ewì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa la jókòó tì í. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ewé ránṣẹ́ sí wa, kì í rántí ẹni. HTTP ni ìlànà tí òun àti browser fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìlànà yẹn ò sì ní iyè nínú: a béèrè, ó dáhùn, ó parí. Bí a bá tún padà dé, àlejò tuntun ni wá. Tí mo bá wá ń tún ewì mi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14 ṣe, nǹkan kan gbọ́dọ̀ rán server létí pé 14 ni. Server á kọ 14 sínú àpótí àpamọ́, á fi rán browser. Tí mo bá ṣe tán, browser á gbé 14 padà wá fún un. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ó wà nínú ìlànà HTML 2.0 tí Tim Berners-Lee àti Dan Connolly kọ, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1995.

Bó ṣe ń ṣàlàyé, àrokò ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn baba wa a máa so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, wọ́n á fi rán ìránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á kà á, á rí i pé ẹ̀fà ni: ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ̀jọ nìyẹn: a jọ ara wa. Wàyí o, bí ìránṣẹ́ bá tú okùn lójú ọ̀nà, tó sọ méjì sí i ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ọmọlúwàbí nìyẹn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọlúwàbí náà mọ bí a ti ń yí iṣẹ́ padà.

Mo bá bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Tí mo bá sọ 14 di 15 ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wò ó fúnra ẹ."

Ó tẹ Ctrl àti U, gbogbo ohun tá a pè ní àpamọ́ sì tò kalẹ̀ gbalaja. Ó ṣí irinṣẹ́ tó wà nínú browser fún yíyẹ ojú ewé wò, ó sọ 14 di 15, ó tẹ bọ́tìnnì. Ewì tí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ nípa ikú ìyá rẹ̀ di "dánwò, dánwò" lójú mi báyìí. Ẹ̀dà ni, a ò tíì ṣí ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ mi sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n lè rí i ni. Síbẹ̀, àyà mi já. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi omijé kọ, nọ́ńbà kan péré ló dáàbò bò ó!

Ẹ má rò pé ewì nìkan ló kàn. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Internet Security Systems ní Amẹ́ríkà kéde pé ètò ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì 11 ló ní irú àléébù yìí. Iye owó ọjà wà nínú fọ́ọ̀mù, oníbàárà sì lè yí i kó tó sanwó. Ìyá ọlọ́jà wo ló máa ní kí oníbàárà lọ kọ iye ọjà wá fún òun?

Ṣé ká wá pa àpótí àpamọ́ tì ni? Rárá o. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà gígùn kan tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò sínú rẹ̀, kí ojú ewé ọlọ́tàn mìíràn má baà fi orúkọ yín fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá bá ti server mu, kò ní gbà á. Bó bá sì di dandan kí ohun pàtàkì gba ọwọ́ browser kọjá, server lè fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ òun nìkan ṣe àmì sí i. Bí okùn bá tú lójú ọ̀nà, kókó á sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé bá mọ̀, kí ilé má bi ìránṣẹ́. Iye ọjà wà nínú ìwé ọlọ́jà. Ẹni tó ni ewì wà nínú ìwé ẹgbẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: a ń fi nǹkan pamọ́ kó má baà dí ẹlòmíràn lójú, a ń tì í pa kí ọwọ́ má baà tó o. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹni tó bá ṣe èkíní tó rò pé òun ti ṣe èkejì, ilẹ̀kùn ló pa dé láìtì.

Lónìí, nọ́ńbà 15 ṣì wà nínú àpótí àpamọ́ lójú ewé wa. Ẹni tó bá wù kó máa yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Server á wo ẹni tó dé, á wo ìwé tó wà nílé, á ní: "Kì í ṣe tìẹ."