Itọ́ Ta Ni Wọ́n Máa Gbà?

A sá fún bàọ́lọ́jì ní sẹ́kọ́ńdìrì, a wá ń ka Yorùbá ní yunifásítì. Àṣé ó ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ lórí bí bàọ́lọ́jì ṣe ń túdìí ọ̀ràn, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá, sẹ́ẹ̀lì funfun ni, torí òun ló ní DNA. Bí aṣọ bá lẹ́jẹ̀, àpò bébà là ń kó o sí. Ọ̀rinrin inú ọ̀rá á bà á jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Àdúrà ogójì ò tíì pé tí àbúrò bàbá rẹ̀ fi ní kò ní bá wọn pín ilé, àfi bó bá ṣe àyẹ̀wò DNA. Ìyá ló mọ baba ọmọ, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti ìyá níbi ogún?

A sìn ín dé Marina, a yà sí òpópónà Odùnlámì, níbi tí ìjọba Èkó ti ṣí ilé àyẹ̀wò DNA ní 2017. Rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020 ti bà á jẹ́. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, nígbà tí bàálù Dana já ní Ìjù-Ìṣàgá ní 2012, tí gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ kú, Ìlú Ọba ni àyẹ̀wò lọ kí wọ́n tó mọ òkú tó jẹ́ ti ta.

A jókòó létí ọ̀sà, a ṣí ìwé. Bàbá ti kú. Itọ́ ta ni wọ́n máa gbà? Kromosómù Y ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, irú kan náà ni wọ́n ń ní. Itọ́ àbúrò bàbá nìyẹn. Bí kò bá sì bára mu, ó lè jẹ́ àwọn gan-an ni kì í ṣe ọmọ bàbá wọn.

Ó pè wọ́n lójú wa. "Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní itọ́ tiyín ni wọ́n máa gbà."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn á pè padà.

Ó ti di oṣù méjì, wọn ò tíì pè. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ wa ní nígbà tí fóònù dákẹ́ yẹn, ẹ̀rù ba òun náà: bí wọ́n bá gbà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fèsì nínú wa.