Àwọn Orin Inú Àwo Tí Àwa Ń Gbọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ orin ni àwa mú wá sí ojú ìwé yìí. Kì í ṣe orin ijó tí ń dún ní ọjà Ìkàrẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe orin àwọn àgbà olórin tí a kọ sílẹ̀ lórí ìwé, tí a sì gbà sínú àwo. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni àwa máa ń jókòó gbọ́ wọn, àwọn ará ilé a sì máa bi wá pé kí ni a rí nínú orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí á dáhùn.

Ẹni tí àwa fi ṣe àkọ́kọ́ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905. Ní Kátídírà ti Kírísítì ní Èkó ni ó ti kọrin nígbà èwe rẹ̀, lábẹ́ T. K. E. Phillips, atẹdùùrù ibẹ̀. Phillips yìí kì í ṣe àlejò sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, nítorí ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ni, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Oǹdó. Lọ́ńdọ̀nù ni Ṣówándé wà nígbà tí ó parí African Suite ní ọdún 1944, tí ogun ńlá kejì ṣì ń jà. Apá márùn-ún ni iṣẹ́ náà ní, ohun èlò olókùn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kò sí awọ ìlù kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí apá ìkẹyìn tí ó pè ní Akinla bá bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni kì í dúró jẹ́ẹ́, nítorí orin háíláìfù ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Kánádà, orin yìí ni Clyde Gilmour fi ń ṣí ètò rẹ̀ lórí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo nǹkan! Ará Kánádà mọ̀ ọ́n, ará Àkùngbá kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a rán wa lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀kà, àwa mú ẹ̀rọ kékeré kan dání, a sì fi Akinla sí i fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ọyẹ́ bo orí òkè ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ sì ká apá mọ́ra. Wọ́n dákẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹni tí ń kọrin wà?” A dá a lóhùn pé okùn ni ń kọrin. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún un fi sí i, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu tábìlì, kì í ṣe níbi tí àwọn okùn ti ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bí kò ṣe ní àárín méjì, níbi tí agogo ìbá ti bọ́ sí. Kí a tó gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo kíláàsì ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn.

Àwo kejì pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1922 ni Alùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà náà kò tíì sí ẹ̀rọ iná tí ń gba ohùn fún àwo. Olórin a kọ ojú sí ẹnu ìwo ńlá kan, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò sì mi abẹ́rẹ́ tí ń fín ìda. Ojú àwo kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí a bá ń gbọ́ ọ lónìí, ariwo rẹ̀ dàbí ìgbà tí àkàrà wà nínú epo gbígbóná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ baba náà ń yéni, nítorí ibi tí ohùn Yorùbá bá gbà ni orin rẹ̀ ń gbà.

Èyí ni ó kàn wá jù lọ. Ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ orin tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní Ọ̀kà náà ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú orin bẹ́ẹ̀ tí méjì nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìwé wí pé “ìgbà”, ohùn orin sì sọ ọ́ di “igbá”. A kò lè nà wọ́n nítorí pé etí wọn pé. Phillips rí ọ̀ràn yìí tipẹ́, ó sì kọ ìwé Yoruba Music, tí a tẹ̀ ní ọdún 1953, lórí bí orin ti gbọ́dọ̀ bá ohùn èdè wa rìn. Àgbà akọrin kan sọ fún wa pé kí a fi orin sílẹ̀ bí àwọn baba ti gbà á. A bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí a ó fi rán wa lọ sí ilé-ìwé káàkiri Àkókó, àwa ni àwọn ọmọ yóò sì máa wò lẹ́nu.

A kò ní pẹ́ lórí Handel, tí ó kọ Messiah ní ọjọ́ 24 ní ọdún 1741, nítorí gbogbo yín mọ Halelúyà rẹ̀. Ti Samuel Coleridge-Taylor ni ó ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oníṣègùn ará Sàró ni baba rẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sì bí i ní ọdún 1875. Nínú orin 24 tí ó tẹ̀ jáde fún píánò ní ọdún 1905, orin Yorùbá ni ọ̀kan, tí a ń pè ní Oloba.

Ìjà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wa, orí Nostalgia ni, ọ̀kan nínú apá African Suite. Ọ̀kan nínú wa ní ó fà jù. Èkejì ní bí àárò ilé ti ń ṣe ènìyàn gan-an nìyẹn, kì í yára. Bí ẹ bá fẹ́ bá wa dá sí i, ẹ wá ní alẹ́ Sátidé. Bí bàbá àgbà ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì fi àwo àtijọ́ sílẹ̀ sí orí àjà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ṣeré, nítorí a máa fọ́ bí ìkòkò. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e wá.