Ko-Koumolou: Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gbéra ní Àjàṣẹ́, tí ó sì dorí kọ ẹnubodè Igolo, yóò rí i pé ilẹ̀ pupa ni ó ń tẹ̀ títí, pẹ̀lú ọ̀pẹ àti oko àgbàdo ní ọ̀tún àti ní òsì. Ilẹ̀ yìí ni ilẹ̀ Ifangni, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìfọ̀nyìn. Ko-Koumolou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement 6 tí ó para pọ̀ di Ifangni, ní ẹkùn Plateau, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Èdè Yorùbá àti èdè Ègùn ni etí ń gbọ́ níbẹ̀. Faransé ilé ìwé sì ń bá wọn rìn.

Bí ẹ bá dé ọjà ní agbègbè yìí, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta abọ́. Òdòdó pupa ńláńlá ni ó wà lára ọ̀pọ̀ abọ́ tánńganran tí wọ́n tò kalẹ̀. Púpọ̀ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, gba èbúté Kútọnu. Ìyá tí ń ra abọ́ fún ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sílé ọkọ kì í sábà béèrè orúkọ òdòdó náà. Ṣùgbọ́n òdòdó kan wà tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn láti yà sára ohun èlò ilé, èyí tí Faransé ń pè ní pivoine. Àmì ọlá àti ọrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, ó sì ti wà lára iṣẹ́ ọnà wọn tipẹ́tipẹ́ kí tánńganran tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lára àwọn iṣẹ́ ọnà náà ni àwo àti àpótí pupa tí wọ́n ń fi oje igi ṣe, èyí tí Faransé ń pè ní laque. Wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ sá igi náà lára kí oje lè ṣàn, bí adẹ́mu ṣe ń dá ọ̀pẹ. Oje tútù yìí lóró: bí ó bá kan ènìyàn, ara a máa yún, a sì máa wú. Wọ́n á po èròjà pupa inú ilẹ̀, cinabre, mọ́ ọn, wọ́n á sì fi kun igi ní ìpele tín-ín-rín kan. Inú ooru àti ọ̀rinrin ni ó ti ń gbẹ. Bí ó bá gbẹ tán, wọ́n á tún kun òmíràn lé e. Àwo tí ó dára lè gba ìpele tí ó lé ní 100 kí ọ̀bẹ tó kàn án. Nígbà náà ni oníṣẹ́ ọnà yóò wá fín òdòdó sínú gbogbo ìpele wọ̀nyẹn, láì gbọdọ̀ ṣìṣe.

Àwọn ará Ṣáínà kò fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Orúkọ Zhang Cheng àti Yang Mao, àwọn ọ̀gá ọlọ́nà ọ̀rúndún kẹrìnlá ní Jiaxing, kò parẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1403, ọba Yongle fi irú àwo bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí Jàpáànù, pẹ̀lú ìwé tí a to orúkọ wọn sí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọlọ́nà kan tí ń jẹ́ Huang Cheng kọ ìmọ̀ iṣẹ́ náà sínú ìwé. Ìwé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ní Ṣáínà. Jàpáànù ni ẹ̀dà rẹ̀ kù sí, kí a tó tún un tẹ̀ ní Ṣáínà ní ọdún 1927.

Kí ni tiwa? Kí tánńganran tó gba ọjà, igbá ni a fi ń bu oúnjẹ, òun ni a fi ń gbé ẹ̀bùn fún ẹni iyì. Igbá tó gbó ni a ń là sí méjì, tí a ń rẹ sómi kí inú rẹ̀ lè rà, tí a ń há, tí a sì ń sá. Fíngbáfíngbá yóò wá fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fín in, títí funfun abẹ́ awọ yóò fi yọ ewé, ẹyẹ tàbí alángbá jáde. Ní Abomey, ọ̀dọ́kùnrin a máa fi igbá alárà ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ ni yóò jíṣẹ́ fún un.

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí àwọn Ìfọ̀nyìn àti àwọn ará Kétu jọ ń ṣe láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí, tí UNESCO sì kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn ará Ṣáínà ń kùn kí wọ́n tó gbẹ́. Àwa ń gbẹ́ kí a tó kùn. Bí ọjọ́ eré bá ń bọ̀, a ó tún ère kùn, ọ̀dà tuntun á gorí ti àtijọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ère àgbà yóò rí ìpele ọ̀dà lórí ara wọn, bí ọdún ṣe gorí ọdún.

Ọgbọ́n kò wọ́n wa, ọwọ́ wa kò sì dilẹ̀. Orúkọ ni ó ń bọ́ sọnù. Ọ̀pọ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní musée òkèèrè tí a kò kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn sí i. Nígbà tí Faransé dá ohun ìní 26 ti ààfin Abomey padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ère ọba Béhanzin tí orí rẹ̀ jọ ti ẹja ńlá inú òkun wà nínú wọn. A lè dárúkọ Sossa Dede, ẹni tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó gbẹ́ ẹ, nítorí pé a rántí rẹ̀. Mélòó ni a ti gbàgbé?

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ó bá a pè é. Bí ó bá pè é ní àkúfọ́, ayé á fi kó ilẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ko-Koumolou, bí ẹ bá rí igbá fínfín lórí àjà ìyá àgbà, tàbí ère nínú yàrá bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò kó o lọ kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ta ni ó ṣe é? Kí ni orúkọ ọnà ara rẹ̀? Ọjọ́ wo ni a ń lò ó? Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán, torí pé ohun kan wà tí ojú gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ rí. Kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé láti tún un sọ fún yín.