Ta Ni Ó Ń Darí Ìmọ́lẹ̀?

Àwọn àgbà ní a kì í gbé ilé ẹni kí á fi ọrùn rọ́. Èmi fi ọrùn rọ́ nílé bàbá mi, èdè Yorùbá tí mo ń kọ́ ní yunifásítì ni ó sì fà á.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Bàbá mi ń bá ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní London sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ohùn bá pòórá. Wọ́n ní, “Kí ni ó wà nínú okùn náà?” Mo ní, “Ìmọ́lẹ̀ ni, bàbá.” Wọ́n ní, “Ta ni ó ń darí ìmọ́lẹ̀ náà?” Gẹ̀ẹ́sì kún ẹnu mi, n kò rí Yorùbá kan sọ.

Mo tọ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Ó ní gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ni okùn náà, oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ okùn orí ilẹ̀, àwọ̀ kan dá yàtọ̀, ní ìwọ̀n bí i 1510 nanómítà. Kò gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ròyìn láàárín àwọn ẹ̀rọ: èwo ni agbára rẹ̀ ń dínkù, ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti já. Bí okùn bá já, àwọn ẹ̀rọ á ta ara wọn lólobó. Níbi tí a bá ti ṣètò ọ̀nà kejì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ lè yà síbẹ̀ láàárín 50 mìlísẹ́kọ́ńdì. Ojú kò tíì ṣẹ́ tán.

Mo fi ìlù dùndún ṣàlàyé fún bàbá mi: bí ìyáàlù bá yí ohùn padà, àwọn ìlù yòókù á tẹ̀lé e. Àmọ́ ìyáàlù a máa bá aráyé sọ̀rọ̀. Àwọ̀ yìí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀rọ.

Wọ́n ní, “Kí ló wá dé tí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ fi já?” Mo ní okùn mẹ́rin ni ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò sì tíì ra àyè sílẹ̀ lórí àwọn tí kò bàjẹ́. Àmì lè tọ́ka ọ̀nà, kò lè la ọ̀nà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: “Ó yé mi wàyí.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, “àmì ìdarí” ni mo pe iṣẹ́ àwọ̀ yẹn. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá, kí bàbá tiyín tó bi yín.