Ọta Tó Wọ Ihò Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Mi ò tíì di ìbọn mú rí láyé mi, kò sì wù mí láti dì í mú. Ṣùgbọ́n láti yunifásítì ni ọ̀rọ̀ ìbọn àwọn ará Ítálì ti wọ̀ mí lórí. Fíìmù àwòrán Japan kan ló fà á, Ghost in the Shell. Ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀, Togusa, tí kò fẹ́ fi ìbọn Mateba rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí n kàn wo ohun tó ń jẹ́ Mateba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí ẹ̀.

Emilio Ghisoni ló ṣe é. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Unica 6, jáde ní 1997. Revolver ni, irú èyí tó ní rogodo irin tó ń yí, tí ọta mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ revolver, ọta òkè ni ìbọn ń yìn. Ti ìsàlẹ̀ ni Ghisoni fi síbẹ̀, kí ọ̀pá ìbọn lè sún mọ́ ọwọ́ ẹni tó dì í mú, kí ẹnu rẹ̀ má baà máa ta sókè jù. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu nìyí: bí ìbọn bá ti dún, agbára rẹ̀ á ti ọ̀pá àti rogodo náà sẹ́yìn pọ̀, á yí rogodo, á sì fa òòlù rẹ̀ sílẹ̀ de ọta tó kàn. Revolver tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀! Ta ló rán an níṣẹ́?

Àmọ́ ìbọn tí mo ń rántí jù báyìí kì í ṣe Mateba. Glisenti ni.

Ní 1910 ni àwọn ológun Ítálì gbà á wọlé. Abiel Bethel Revelli ló ṣètò rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tó ṣeé yọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, skúrù iwájú ló dì í mú. Bí o bá yọ ọ́, gbogbo ìfun ìbọn á hàn síta. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ nu inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yẹn ò lágbára bí èkejì, ohun tó ń ti ẹ̀yìn ìbọn náà pa kò sì lágbára púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọta tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n fún un.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láti 1902 ni ọta 9mm Parabellum ti Georg Luger ti wà ní Jámánì. Ọta Glisenti àti tiẹ̀, ìbejì ni wọ́n: gígùn kan náà, ìsanra kan náà. Agbára inú wọn ló yàtọ̀. Ọta alágbára á wọ inú ìbọn aláìlágbára wọ̀ọ̀, láìsí ohun tó máa dá a dúró. Irin kì í béèrè orúkọ. Nígbà tó sì yá, àwọn ológun Ítálì fúnra wọn ń lo ọta alágbára yẹn nínú ìbọn Beretta 1938. Ẹ wá wo irú méjèèjì nínú iṣẹ́ ológun kan náà.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, níbi iṣẹ́ tí mo wà, èmi ni mo kọ kóòdù tó ń sanwó fún àwọn oníṣòwò. Ẹ̀rọ méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀. Méjèèjì pe àyè owó ní "amount". Odidi nọ́ńbà ni méjèèjì fẹ́. Tèmi ń fi náírà ránṣẹ́, èkejì ń kà á sí kọ́bọ̀. Mo ṣe test, ó kọjá, mo lọ sùn.

Láàárọ̀ Sátidé, ìyá kan tó ń ta aṣọ pè. ₦48,000 ló ń retí, ₦480 ló rí. Wọ́n gbé fóònù fún mi.

"Ọmọ mi, owó tí mo fẹ́ fi san gbèsè ọjà lónìí nìyẹn."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bú mi. "Ẹ má bínú, mà" ni mo ń sọ ṣáá. A rí owó tó kù san kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ní gbèsè ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, ó ti sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn oníbàárà. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo lè dá padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo yí orúkọ àyè yẹn sí "amount_kobo", mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa dá owó tí kò bá sọ irú ohun tó jẹ́ padà. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní ṣé kì í ṣe àṣejù nìyẹn. Mo ṣí àwòrán Glisenti tí wọ́n ti yọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan ìbọn nínú ọ̀rọ̀ owó?"

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.